Ta Ló Ń Ka Bíbélì Gan-an: Onígbàgbọ́ Ni, Tàbí Ẹni Tó Ní Kò Sí Ọlọ́run?

Ẹsẹ Bíbélì kan wọ́pọ̀ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù n'Ìbàdàn: "Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ tilẹ̀ kéré, ìgbẹ̀yìn rẹ yóò pọ̀ gidigidi." Jóòbù 8:7 ni. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà, wọ́n ń fi gbàdúrà ìṣílé, wọ́n sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ni kò mọ̀ pé Ọlọ́run kọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Bílídádì ará Ṣúà ló sọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó wá kí Jóòbù kú ọ̀fọ̀. Ẹ gbójú sókè díẹ̀ lójú ìwé yẹn kan náà, ẹ ó rí i ní ẹsẹ 4 pé Bílídádì yìí ń sọ fún bàbá tí ọmọ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ náà ló fa ikú wọn. Nígbà tí ìwé náà ń parí lọ, ní 42:7, Ọlọ́run bínú sí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun.

Ká tó máa rẹ́rìn-ín onígbàgbọ́, ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì. Ẹsẹ kan wà tí àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà máa ń jù sílẹ̀ tí àríyànjiyàn bá ti gbóná, Lúùkù 19:27: "Àwọn ọ̀tá mi tí wọn ò fẹ́ kí n jọba lórí wọn, ẹ mú wọn wá síbí, kí ẹ sì pa wọ́n níwájú mi." Wọ́n á ní, ẹ ò rí i, Jésù pàṣẹ ìpànìyàn. Ẹnu Jésù ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ló ń pa. Ẹsẹ 11 sọ ọ́ kedere pé òwe ni, ẹsẹ 12 sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkùnrin ọlọ́lá kan tó rìnrìn àjò lọ gba oyè ọba. Ọba inú ìtàn ló pàṣẹ yẹn. Àwọn tó ń túmọ̀ òwe náà ń jiyàn lórí ohun tí ọba yẹn dúró fún, ìyẹn sì jẹ́ ìbéèrè gidi. Àmọ́ ẹni tó ní Jésù ń rán àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní iṣẹ́ ìpànìyàn níbẹ̀ kò ka orí náà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi wá pé ta ló ń ka Bíbélì tó sì yé e, ó yẹ ká kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: gbígbọ́, kíkà, àti kó yéni. Onígbàgbọ́ ìlú yìí ń gbọ́ Bíbélì púpọ̀. Ẹni tó bá lọ sí ìsìn Sunday, ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ àti ìṣọ́ òru, tó tún wọ mọ́tò tí oníwàásù wà nínú rẹ̀ láti Ìwó Road, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ní gbọ́ ẹsẹ bí ogún sí ọgbọ̀n. Kíkà tún jẹ́ nǹkan mìíràn. Kó yéni, ìyẹn ni kéèyàn lè sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ ọ́ àti ìdí tó fi sọ ọ́. Gbígbọ́ nìkan ò lè fúnni ní ìyẹn. Ohun kan náà ló sì dé bá ẹni tó gba ẹsẹ mẹ́wàá lórí fóònù lọ́dọ̀ ẹni tó ń bú ẹ̀sìn. Àgbọ́ìgbọ́tán ni àwọn méjèèjì.

Èsì ìwádìí kan wà tí wọ́n máa ń gbé kiri láti fi sọ pé àwọn tí kò gbàgbọ́ mọ Bíbélì ju onígbàgbọ́ lọ. Ní 2010, Pew Research Center, àjọ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, bi àgbàlagbà 3,412 níbẹ̀ ní ìbéèrè 32 nípa ẹ̀sìn. Àwọn tó ní kò sí Ọlọ́run àti àwọn tó ní àwọn ò lè sọ bóyá ó wà ló gbapò kìíní: 20.9 ni wọ́n gbà ní ìpíndọ́gba, nígbà tí gbogbo ènìyàn lápapọ̀ gba 16. Ibi tí ìròyìn máa ń dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n 12 péré nínú ìbéèrè 32 yẹn ló jẹ́ ti Bíbélì àti ẹ̀sìn Krístì. Lórí 12 yìí, àwọn Mormon, ọmọ ìjọ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ṣíwájú pẹ̀lú 7.9, àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọmọ ìjọ ajíhìnrere (evangelical) tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú 7.3, àwọn tí kò gbàgbọ́ gba 6.7, gbogbo ènìyàn sì gba 6.0. Ohun tó gbé àwọn tí kò gbàgbọ́ sókè nínú àròpọ̀ ni pé wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíràn àti ohun tí òfin Amẹ́ríkà sọ lórí ẹ̀sìn. Àwọn olùwádìí náà sì fi yé wa pé bí èèyàn ṣe kàwé tó ló ṣáájú ohun gbogbo tó ń fi ẹni tó máa ṣe dáadáa hàn.

Nǹkan méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn lórí èsì yìí. Ará Amẹ́ríkà ni wọ́n bi, wọn ò bi ará Bẹẹrẹ tàbí Mọ́kọ́lá. Èkejì, irú ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n ni ìlú tí wọ́n ti bí Jésù àti orúkọ àwọn ìwé Ìhìnrere mẹ́rin. Ọmọ Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó gbójú lè gba gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kó má lè ṣàlàyé orí kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí àwọn kan tí kò gbàgbọ́ fi wá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Tai Solarin, tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, tó sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí Ọlọ́run, Wesley College àwọn Mẹ́tọ́díìsì n'Ìbàdàn níbí ló ti kàwé. Leo Igwe, tó dá Nigerian Humanist Movement sílẹ̀ ní 1996, ti gba sẹ́mínárì Kátólíìkì kọjá. Irú àwọn wọ̀nyí kò kó ìmọ̀ Bíbélì wọn dànù nígbà tí wọ́n kó ìgbàgbọ́ wọn dànù. Ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní aláìgbàgbọ́. Ọ̀dọ́ tó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nítorí pé pásítọ̀ já a kulẹ̀ kì í sábà dúró ka Jeremáyà kó tó lọ.

Ẹnì kẹta wà tí àríyànjiyàn yìí máa ń gbàgbé, pàápàá nílùú bí Ìbàdàn tí ẹ̀sìn méjèèjì ti ń gbé ilé kan náà: àfáà tó ń fi Bíbélì ṣe wáàsí. Ẹ gbé Deutarónómì 18:18 tàbí Jòhánù 14:28 wá, á kà á fún yín láìwo ìwé. Àwọn kan nínú wọn mọ orí àti ẹsẹ ju díákónì lọ. Àmọ́ ẹsẹ tí wọ́n nílò nìkan ni wọ́n sábà máa ń mọ̀. Àléébù kan náà ni, aṣọ ọ̀tọ̀ ló wọ̀.

Bí onígbàgbọ́ ṣe di olùgbọ́ ju òǹkàwé lọ ní ìtàn. Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá dó sí Kúdẹtì n'Ìbàdàn ní 1853, kò tíì sí odidi Bíbélì lédè Yorùbá. Ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ ti jáde ní 1850, àwọn mìíràn sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọdún 1884 ni odidi rẹ̀ tó délẹ̀. Àwọn Hinderer ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ láti 1869. Anna kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, òótọ́ ni, síbẹ̀ etí ni èyí tó pọ̀ jù nínú onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ nílùú yìí fi gba Bíbélì. Ẹni tó lè kà á dúró síwájú, àwọn yòókù jókòó. Lónìí tí ìwé ti wà, tí ó tún wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ètò ìjókòó yẹn kò tíì yí padà.

Nọ́ńbà orí àti ẹsẹ náà dá kún un. Àwọn tó kọ Bíbélì kò fi nọ́ńbà sí i. Stephen Langton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ni wọ́n ka pípín rẹ̀ sí orí sí lọ́rùn, ní nǹkan bí ọdún 1200 sí 1228. Robert Estienne tó jẹ́ atẹ̀wé fi nọ́ńbà ẹsẹ tí à ń lò báyìí sí Májẹ̀mú Tuntun ní 1551. Nọ́ńbà dára fún wíwá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó bà jẹ́ ni pé ó jẹ́ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dà bíi pé ó dá dúró. Oníwàásù á ní ẹ ṣí Àísáyà, ẹ bọ́ sí Sáàmù, ẹ tètè dé Fílípì, láàárín ogójì ìṣẹ́jú wọ́n ti fi ẹsẹ méjìlá fò kiri, kò sì sẹ́nì kankan tó wo ìlà tó wà lókè èyíkéyìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ kan hàn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Jeremáyà 29:11: "Nítorí mo mọ èrò tí mo rò sí yín, èrò àlàáfíà, kì í ṣe fún ibi, láti fún yín ní ìgbà ìkẹyìn àti ìrètí." Kò sí ìsìn àṣekágbá ọdún tí wọn kì í ka ẹsẹ yìí. Ohun tí wọ́n máa ń fi ṣe ni pé kí ọdún tó ń bọ̀ yìí tó parí, físà á jáde, ọkọ á dé, owó á wọlé. Ó dáa, ẹ ka ẹsẹ 1: lẹ́tà ni, Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ẹ ka ẹsẹ 5 àti 6: ẹ kọ́lé síbẹ̀, ẹ gbin oko, ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà bímọ. Ẹsẹ 10 wá sọ ìgbà tí ìlérí náà máa ṣẹ: lẹ́yìn àádọ́rin ọdún. Èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàlagbà tó gbọ́ lẹ́tà yẹn máa kú sí oko ẹrú.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ padà sí orí 28. Wòlíì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hananáyà, òun ló ń sọ ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́: ó ní láàárín ọdún méjì péré, ohun gbogbo tí Bábílónì kó lọ á padà wálé. Ó tilẹ̀ já àjàgà igi kúrò lọ́rùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ, kí gbogbo ayé lè rí i. Jeremáyà ní irọ́ ló ń pa, Hananáyà sì kú lọ́dún náà gan-an. Lẹ́tà orí 29 ń dá irú àwọn wòlíì bẹ́ẹ̀ lóhùn. Tí a bá wá fi 29:11 ṣe ìlérí pé ohun gbogbo á yí padà kí oṣù mẹ́ta tó pé, iṣẹ́ Hananáyà la fi sẹ́nu Jeremáyà yẹn.

Ẹnì kan lè ní, ṣé a ò wá lè fi gbàdúrà mọ́ ni? Ẹ lè fi gbàdúrà. Àwọn ìjọ ti ń fi ọ̀rọ̀ Bíbélì gbàdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá Sáàmù, ìjọ Aládùúrà tilẹ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Àdúrà yàtọ̀ sí ìtumọ̀ ni ohun tí à ń sọ.

Sáàmù 105:15, "Ẹ má fọwọ́ kan ẹni-òróró mi," ni wọ́n fi ń pa ẹni tó bá bi pásítọ̀ léèrè owó lẹ́nu mọ́. Ẹsẹ 14 sọ ẹni tí wọ́n ń bá wí: àwọn ọba. Àwọn tí wọ́n sì ń dáàbò bò ni Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọn ò ní ilẹ̀. Alágbára ni ẹsẹ náà ń kìlọ̀ fún. Ẹ tún wo Jẹ́nẹ́sísì 20 níbi tí wọ́n ti pe Ábúráhámù ní wòlíì: Ábímélékì ọba kò lù ú, ṣùgbọ́n ó bi í léèrè irọ́ tó pa nípa ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó panu mọ́. Ní ti ìdámẹ́wàá, Málákì 3:10 nìkan ló máa ń dé orí pẹpẹ. Ẹ fúnra yín ṣí Deutarónómì 14:22 sí 29, kí ẹ wo ẹni tó ń jẹ ìdámẹ́wàá níbẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ti ọdún kẹta fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tiẹ̀ wà tí kò sí níbẹ̀ rárá. "Ọ̀run ń ran ẹni tó bá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́" kò sí nínú Bíbélì. "Ohùn èèyàn lohùn Ọlọ́run" náà kò sí. Mátíù kò sọ pé amòye mẹ́ta ni wọ́n, ẹ̀bùn mẹ́ta ló kà, inú ilé ni wọ́n sì ti bá ọmọ náà (2:11), kì í ṣe ibùjẹ ẹran. Èso ọgbà Édẹ́nì kò lórúkọ. Ìfẹ́ owó ni 1 Tímótíù 6:10 pè ní gbòǹgbò ibi, kì í ṣe owó.

Ká wá padà sọ́dọ̀ àwọn tí kò gbàgbọ́. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń jàre onígbàgbọ́ ni pé wọ́n mọ àwọn ibi tí kò dùn ún kà. Ẹ́kísódù 21:20 àti 21 sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó na ẹrú rẹ̀. Númérì 31:17 pàṣẹ pípa àwọn ọmọkùnrin kéékèèké ará Mídíánì. Onígbàgbọ́ tó bá ní irú rẹ̀ kò sí nínú Bíbélì ń fi hàn pé òun ò kà dé ibẹ̀ ni. Ó wà níbẹ̀. Àwọn ibi tí ìtàn ò ti bára mu náà wà: 2 Sámúẹ́lì 24:1 ní Olúwa ló ti Dáfídì láti ka àwọn èèyàn, 1 Kíróníkà 21:1 ní Sátánì ni. Mátíù 27:5 ní Júdásì pokùnso, Ìṣe 1:18 ní ó ṣubú, inú rẹ̀ sì bẹ́.

Ibi tí àwọn tí kò gbàgbọ́ ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé àṣírí ni àwọn tú. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ní Immanuel College ní Sámọńdà, tàbí ní sẹ́mínárì Kátólíìkì ní Bódìjà, tàbí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn, á bá irú ìṣòro wọ̀nyí pàdé nínú iṣẹ́ kíláàsì. Wọ́n á sọ fún un pé ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà, Jòhánù 7:53 sí 8:11, kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ jù lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìparí Máàkù, 16:9 sí 20. Ọ̀pọ̀ Bíbélì òde òní ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Pásítọ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí mọ̀, kò kàn sọ ọ́ lórí pẹpẹ ni. Àbámọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnu ẹni tó ń fi ṣẹ̀sín ni ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á wá rò pé gbogbo ayé ló ti ń tan òun jẹ láti kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á ńkọ́, láìka ẹ̀yìn tó wà sí? Bíbélì Pùròtẹ́sítáǹtì jẹ́ ìwé 66, ti Kátólíìkì 73. Orí 1,189 ló wà nínú ti 66. Ẹni tó fẹ́ parí rẹ̀ lọ́dún kan á máa ka orí mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún: ní nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù kìíní ẹ ó dé Ẹ́kísódù 25, níbi tí ìwọ̀n pákó, aṣọ títa àti òrùka àgọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 ẹ ó wọ Léfítíkù. Ibẹ̀ ni ètò ọdọọdún ti máa ń kú. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń pa á, bí wọ́n ṣe tò ó ni: èèyàn ti ń ka ìtàn bọ̀, ó kàn ṣàdédé bọ́ sínú ìwé òfin àwọn àlùfáà, ó sì ń kà á bí ìtàn.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ní ìjókòó kan ló dára jù. Fílémónì jẹ́ ẹsẹ 25, Rúùtù jẹ́ orí mẹ́rin, Máàkù tó ní orí 16 kò ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ tí ẹ bá kà á sókè. Ẹni tí kò gbàgbọ́ á gbádùn ìwé Oníwàásù àti ìwé Jóòbù ju bó ṣe rò lọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan tán láìdúró. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ mú bírò, kí ẹ fàlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó lanu sọ̀rọ̀ àti gbogbo "nítorí náà" àti "ṣùgbọ́n". Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, irú ìwé wo sì ni: òfin, orin, òwe, lẹ́tà, àbí ìtàn? Tí èdè Bíbélì àtijọ́ bá le, ẹ lo èyí tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá òde òní, kí ẹ sì fi wé ti àtijọ́ níbi tó bá rú yín lójú. Ìwé àlàyé ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i á kàn rí ohun tí alálàyé fẹ́ kó rí.

Lẹ́tà ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù dà bí ìgbà téèyàn jókòó nínú Máíkírà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù: ohùn ẹnì kan là ń gbọ́, a óò wá máa fi orí wa dá ohùn ẹnì kejì mọ̀. Fílémónì dára fún ìdánwò yìí. Ẹ jẹ́ kí onígbàgbọ́ kan àti ẹnì kan tí kò gbàgbọ́ kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ èsì ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀: kí ni Pọ́ọ̀lù ní kí Fílémónì ṣe fún Ónísímù ẹrú rẹ̀? Ẹni tó bá kọ pé ó pàṣẹ kó dá a sílẹ̀ lómìnira, ẹ ní kó tọ́ka sí àṣẹ náà. Ẹni tó bá sì kọ pé ó ní kó máa lò ó lẹ́rú lọ, ẹ ní kó ka ẹsẹ 16 sókè, níbi tí ó ti ní kó gbà á "kì í ṣe bí ẹrú mọ́, ṣùgbọ́n ó ju ẹrú lọ, arákùnrin olùfẹ́." Ẹsẹ 18 tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbèsè tí Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n kọ sí òun lọ́rùn, àti 21, tó ní òun mọ̀ pé Fílémónì á ṣe ju ohun tí òun sọ lọ. Ohun tí Fílémónì wá ṣe lẹ́yìn tó ka lẹ́tà náà tán, Bíbélì kò sọ. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó fi ẹsẹ rẹ̀ hàn yín.